Olùkọ́ Kan fún Ọgbọ̀n Ọmọ

Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀dọ́ àwọn ẹ̀yà tí àjèjì gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ṣe lè dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí wọ́n sì rí iṣẹ́ gidi ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ó kan Brazil, ó kan Kánádà, ó kan Ọsirélíà. Bí mo bá ní kí n yí gbogbo ayé ká, ilẹ̀ á ṣú bá wa síbí. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni mo mú: àwọn Diné, tí ayé mọ̀ sí Navajo, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ni ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó kọ́kọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fúnra wọn ní orílẹ̀-èdè yẹn, lórí ilẹ̀ tiwọn, lábẹ́ àṣẹ tiwọn. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, àti ohun tó kù tí wọn ò tíì rí gbà, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1868 ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà Diné tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wo ipò tí wọ́n wà o. Ìgbèkùn ni wọ́n wà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ogun ti dáná sun oko àgbàdo wọn, wọ́n ti pa àgùntàn wọn, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, àgbà àti ọmọdé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ju 480 kìlómítà lọ sí Bosque Redondo. Hwéeldi ni àwọn Diné ń pe ibẹ̀. Omi ibẹ̀ ń run inú, ohun tí wọ́n gbìn ò so, ebi àti àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìjọba gbà, ṣùgbọ́n ó kọ àwọn nǹkan kan sínú ìwé kí wọ́n tó lọ. Abala kẹfà sọ pé kí àwọn Diné fi ọmọ wọn tó wà láàárín ọdún 6 sí 16 sí ilé ìwé. Ìjọba náà sì ṣèlérí pé fún ọgbọ̀n ọmọ tó bá wá, òun yóò pèsè ilé kan, òun yóò sì pèsè olùkọ́ kan.

Olùkọ́ kan fún ọgbọ̀n ọmọ. Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú. Nígbàkigbà tí mo bá kà á, ohun méjì ni mo máa ń bi ara mi: ta ni olùkọ́ yẹn, ta ló sì rán an níṣẹ́?

Kí ẹ lè mọ ibi tí à ń sọ, ilẹ̀ Navajo lónìí lé ní 70,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ kó Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn. Ó wọ inú ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Diné tó nǹkan bí 400,000, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà gan-an ò tó 200,000. Ẹ fojú inú wò ó: ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa, èèyàn inú rẹ̀ ò sì ju ìdá kékeré kan lọ nínú ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó. Ọmọ tó fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ni ìjọba wá ṣe sí ìlérí náà? Olùkọ́ tó yẹ kó wá bá ọmọ nílé kò wá. Ọmọ ni wọ́n kó lọ bá olùkọ́. Ní 1879, ọ̀gágun kan, Richard Henry Pratt, dá ilé ìwé kan sílẹ̀ ní Carlisle, ní Pennsylvania, nínú ọgbà tó jẹ́ ti ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n ti kó ọmọ wá. Bí ọmọ bá ti dé, wọ́n á gẹ irun rẹ̀, wọ́n á gba aṣọ ìbílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, wọ́n á sì kà á léèwọ̀ fún un láti sọ èdè ìyá rẹ̀. Títí wọ́n fi ti ilé ìwé náà pa ní 1918, ó lé ní 7,000 ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 180.

Manuelito, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó tọwọ́ bọ ìwé 1868, fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ó gbà pé bí àwọn èèyàn òun ò bá mọ̀wé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni yóò máa rẹ́ wọn jẹ. Ó yọ̀ǹda ọmọ tirẹ̀ fún Carlisle. Àìsàn kó ọmọ náà níbẹ̀, ikú sì tẹ̀ lé e. Mo ti ka ìtàn yìí nígbà púpọ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí n kà á kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Bàbá tó gbà pé ẹ̀kọ́ dára, ẹ̀kọ́ náà ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òwe náà gbà pé ẹni tó kọ́ ilé ló ń kọ́ ọmọ. Ní Carlisle, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ilé ló gba iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ. Ní 1887, nígbà tí Carlisle ń kún sí i, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó pín ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 138 éékà lọ́dún náà. Nígbà tó fi máa di 1934, mílíọ̀nù 48 ló kù. Wọ́n kọ́ ọmọ, wọ́n sì ta ilé náà lẹ́yìn rẹ̀.

Carlisle kàn jẹ́ ọ̀kan ni. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe jáde ní 2024, nígbà tí Deb Haaland, ọmọ Laguna Pueblo, jẹ́ mínísítà níbẹ̀, ka ilé ìwé 417 tó jẹ́ irú rẹ̀. Orúkọ tàbí àkọsílẹ̀ ọmọ 973, ó kéré tán, tó kú síbẹ̀ ni wọ́n rí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí àwọn òbí kan níbẹ̀ fi ń fojú fura wo ilé ìwé, ẹ má wá ìdáhùn lọ jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ níbí mọ ohun tí mo ń sọ nípa èdè. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ti sọ fánákúlà nìyẹn. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sanwó ìtanràn, tàbí kí ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ rí nítorí pé mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ejò ń bọ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èmi máa ń padà sílé ní agogo méjì ọ̀sán, ìyá mi á sì kí mi ní Yorùbá. Ọmọ Diné tí wọ́n kó lọ sí bọ́dìn, ọdún ń gorí ọdún kó tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Èdè tí wọ́n ń nà wọ́n nítorí rẹ̀ yìí, nígbà tó di 1942, ogun àgbáyé ń jà, iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà wá a dé ilé. Ọmọ Diné mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ láti fi èdè náà ṣe àrokò ogun. Ọ̀tá ò rí i tú títí ogun fi parí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà tó nǹkan bí 400 kí ogun tó tán, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti jẹ ẹgba rí ní ilé ìwé nítorí èdè yẹn kan náà.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ńkọ́? Ibẹ̀ náà ní ìtàn, ó sì yẹ kí ọ̀dọ́ tó wà níbí gbọ́ ọ. Láti 1766 sí 1768, oníwàásù kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mohegan, Samson Occom, rin ìrìn àjò káàkiri Ìlú Ọba. Ìwàásù tó ṣe lé ní 300. Owó ló ń wá, láti fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀, ó sì rí ohun tó lé ní 11,000 pọ́n-ùn, owó ńlá gan-an láyé ìgbà yẹn. Nígbà tó padà dé, Eleazar Wheelock, ẹni tó rán an, ti yí ọkàn padà. Owó náà lọ sí ìdásílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní 1769. Ìwé àṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yà ìbílẹ̀ pé tiwọn ni, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Láàárín 200 ọdún tó kọ́kọ́ lò, ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ mọ́kàndínlógún péré ló gboyè níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún! Ọdún 1970 ni ààrẹ tuntun kan, John Kemeny, sọ pé àwọn yóò padà sí ohun tí àwọn fi orúkọ rẹ̀ gbowó. N óò tún dárúkọ Dartmouth kí n tó jókòó.

Ní 1966, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Rough Rock, nínú aginjù Arizona, nǹkan yí padà. Wọ́n dá ilé ìwé kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ará abúlé ni ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ò jókòó pẹ́ ní kíláàsì rí. Àwọn ló ń pinnu olùkọ́ tí wọ́n máa gbà àti ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ. Wọ́n ń fi èdè Diné kọ́ wọn, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Wọ́n tún ṣètò kí àwọn ọ̀dọ́ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ hataałii, ìyẹn àwọn onísègùn tó ń fi orin àti ètùtù wo aláìsàn. Kò sí ẹni tó kú nítorí pé wọ́n fi èdè méjì kọ́ ọmọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn Diné kọ́lé sórí èyí tiwọn. Àwa gbé ìwé àbájáde tiwa sórí pẹpẹ.

Àwọn tó rí i pé Rough Rock ṣeé ṣe béèrè pé kí ló dé tí kò fi ní kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1968, ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìwé àdéhùn, ìgbìmọ̀ aṣòfin Navajo fọwọ́ sí i pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró. Ní oṣù kìíní 1969, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àyálò, ní ọgbà ilé ìwé girama kan ní Many Farms. Ní 1971, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún un lówó. Ned Hatathli ni ọmọ Diné àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ó sì kú ní 1972, kí wọ́n tó kó lọ sí ọgbà tuntun ní Tsaile lọ́dún kejì. Láti 1997 ni wọ́n ti ń pè é ní Diné College.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Tsaile, nítorí pé mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ilé Diné, tí wọ́n ń pè ní hooghan, róbótó ló máa ń rí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń kọjú sí ìlà oòrùn, kí ẹni tó bá jí kọ́kọ́ pàdé ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n to ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ní róbótó. Ilé tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ alájà mẹ́fà, gíláàsì ló bo ara rẹ̀, orúkọ Hatathli ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni náà tẹ̀ lé igun mẹ́rin ayé. Ìlà oòrùn ni ìrònú, nitsáhákees. Gúúsù ni ètò, nahat'á. Ìwọ̀ oòrùn ni ìgbé ayé, iiná, níbi tí wọ́n ti ń fi ohun tí wọ́n rò, tí wọ́n sì gbèrò, ṣiṣẹ́. Àríwá ni siihasin, níbi tí èèyàn ti ń bojú wẹ̀yìn, tí ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ lórí ohun tó mọ̀. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi tàbí nípa ìṣirò níbẹ̀, inú ètò yìí ló ti ń kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní kó bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

Ohun tí àwọn Diné ṣe yìí ràn káàkiri. Ní 1971, àwọn Lakota dá kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì sílẹ̀ ní South Dakota. Ní 1973, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà da ẹgbẹ́ pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní 1978, wọ́n rí òfin gbà tó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa sanwó lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ lé ní ọgbọ̀n.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ni ìwúlò gbogbo èyí. Wọ́n ní kí a wá sikọ́láṣíìpù fún ọmọ tó bá mọ̀wé, kí a rán an lọ sí yunifásítì ńlá, ó parí. N kò sí nínú àwọn tó ń kẹ́gàn sikọ́láṣíìpù. Ní 1911, ìjọba àpapọ̀ fa ọgbà Fort Lewis lé ìpínlẹ̀ Colorado lọ́wọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ ò ní san owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láéláé. Wọ́n ṣì ń pa àdéhùn náà mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ báyìí, ohun tó sì dára púpọ̀ ni. Ní 2022, University of California náà yọ owó ẹ̀kọ́ kúrò fún àwọn ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà, bí ìjọba àpapọ̀ bá ti mọ ẹ̀yà wọn.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ kọ́ ni gbogbo owó tí ẹ̀kọ́ ń ná èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ilẹ̀ Navajo, kì í ṣe ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ìyá ọlọ́mọ ni. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni. Ẹni tó ní àgùntàn tí kò lè fi sílẹ̀ ni. Nǹkan bí ilé mẹ́ta nínú mẹ́wàá níbẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ. Ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wakọ̀ lọ pọnmi wá. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí ó sì jà níbẹ̀ ju bó ṣe jà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀, níwájú ilé ìwé tí wọ́n tì pa, ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ lọ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé Harvard ti gbà á. Inú rẹ̀ á dùn. Ta ni yóò pọnmi?

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ súnmọ́ èèyàn jẹ́ ẹ̀tọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ibi tó jìnnà, kó lọ, kí Ọlọ́run sì bá a lọ. Ẹni tí kò lè lọ, kò yẹ kí àìlèlọ náà sọ ọ́ di aláìmọ̀wé.

Mi ò ní fi èyí tí kò dùn pamọ́ fún yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ni kì í parí rẹ̀. Àwọn kan ń lọ fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ á bàjẹ́, ọmọ á ṣàìsàn, wọ́n á dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n á tún padà wá. Àwọn kan kì í padà. Ìkà ni láti ka èyí sí ọ̀lẹ. Owó wà níbẹ̀ tó jẹ́ gbèsè. Òfin 1978 dárúkọ iye tí ìjọba yóò máa san lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan; ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi san ohun tó dín sí i. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀, tó ń gbé nítòsí, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbà wọlé, ìjọba ò kà á mọ́ àwọn tí yóò sanwó lé lórí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń fi apá ara rẹ̀ gbé e. Orúkọ mìíràn ò sí fún un ju ìlérí tí wọn ò mú ṣẹ lọ, irú ti 1868 gan-an.

Ó ku iṣẹ́. Dìgírì tí kò gbé ọmọ dé ibi iṣẹ́, fírémù lára ògiri ni.

Ní 2019, ibi ìwakùsà èédú ní Kayenta tì, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ńlá tó ń lo èédú náà sì tì lọ́dún kan náà. Ọmọ Diné ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn lówó; ó kọ́lé, ó rán ọmọ nílé ìwé. Ó tún ba omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́, n kò ní ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni ogójì ọdún tó mọ iná jíjó mọ́ irin tàbí ẹ̀rọ títúnṣe, tó jí lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí mọ́, ibo ló máa lọ? Ó lè kó ẹrù lọ sí Phoenix. Ó sì lè lọ sí Crownpoint, níbi tí ilé ìkọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ti dàgbà di Navajo Technical University ní 2013. Níbẹ̀, iṣẹ́ irin, iṣẹ́ iná mànàmáná, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọn ò fi ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹni tó ń kọ̀wé. Ilẹ̀ Navajo tún ní òfin tirẹ̀, láti 1985, tó ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá wà lórí ilẹ̀ náà kọ́kọ́ gba ọmọ Diné tó bá tóótun. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tóótun ò bá sí nílé, agbanisíṣẹ́ á wò ó láwòmọ́jú, á sì lọ mú ẹlòmíràn wá.

Ọ̀rọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ́ pé àlejò ni dókítà ní ilé ìwòsàn àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀. Yóò wá lo ọdún méjì, yóò lọ. Aláìsàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ìtàn ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nígbà mìíràn nípasẹ̀ ògbufọ̀. Crownpoint yẹn kan náà ni Lori Arviso Alvord ti dàgbà. Ó lọ sí Dartmouth, ó wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣí ní 1970 gbà wọlé, ó sì gboyè ní 1979. Owó tí Samson Occom tọrọ ní 1766, ọmọ tó yẹ kó jẹ ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn igba ọdún. Láti ibẹ̀ ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Stanford, ó sì di obìnrin Diné àkọ́kọ́ tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní Gallup, lẹ́nu ààlà ilẹ̀ wọn.

Ohun kan wà nínú ìwé tó kọ ní 1999 tí mi ò lè gbàgbé. Láàárín àwọn Diné, èèwọ̀ ni kí èèyàn fọwọ́ kan òkú. Ẹ wo ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ lọ́nà yìí, tí wọ́n wá mú wọ yàrá tí wọ́n ti ń la òkú fi kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kò sí sikọ́láṣíìpù tó lè san ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ bẹ́ẹ̀ yege, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ọmọ náà tó dé pé ohun tó fẹ́ ṣe yìí wúwo, kó sì ní àgbà kan nítòsí tó lè bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e. Nígbà tó di oníṣẹ́ abẹ tán, ohun tó kọ́ nílé ló wá ràn án lọ́wọ́: ó rí i pé aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ yí ká, máa ń tètè gbádùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì la ibi tó jìnnà kọjá. Ní 2020, ní Tahlequah, olú ìlú àwọn Cherokee ní Oklahoma, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà àti ìjọba Cherokee jọ dá sílẹ̀. Irú rẹ̀ ò sí rí lórí ilẹ̀ ẹ̀yà ìbílẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà. Àwọn àkọ́kọ́ jáde ní 2024. Mo rò pé ibẹ̀ ni kí àwọn Diné àti àwọn mìíràn máa wò: kí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi kó sì di dókítà láìjẹ́ pé ó di àjèjì sí ilé bàbá rẹ̀ láàárín méjèèjì. Owó ńlá ni yóò ná wọn. Ẹni tó jẹ gbèsè láti 1868 ló yẹ kó mú èyí tó pọ̀ jù wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí ìwé àdéhùn náà pé 150 ọdún, wọ́n gbé ojúlówó rẹ̀ láti Washington wá sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Window Rock, olú ìlú Navajo, kí àwọn ọmọ àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lè fi ojú ara wọn rí i. Àmì X ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Barboncito, àgbà mìíràn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, àti ti Manuelito. Abala kẹfà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ àti ọgbọ̀n ọmọ rẹ̀. Láti Window Rock, bí ẹ bá kọrí sí àríwá, ìrìn ọkọ̀ tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ni yóò gbé yín dé Tsaile. Níbẹ̀, nínú ọgbà róbótó yẹn, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ Diné ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ṣetán, wọ́n á lọ dúró níwájú ọgbọ̀n ọmọ ní Chinle, ní Many Farms, ní Rough Rock, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sì kọ́kọ́ sọ láàárọ̀ ni yá'át'ééh.